Igi Tí Fusae Fẹ́ Kó Kú

Ọjọ́ tí wọ́n sun òkú Tamejiro, tí wọ́n gbé eérú rẹ̀ délé, ni Fusae, ìyàwó rẹ̀, pinnu pé igi náà gbọ́dọ̀ kú.

Igi boke ni, igi ẹlẹ́gùn-ún tí kò ga ju ìgbọ̀nwọ́ kan lọ, tó máa ń yọ òdòdó pupa bí ẹ̀jẹ̀ kí ewé rẹ̀ tó jáde. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni Tamejiro fi tọ́ ọ nínú àwo amọ̀ kan lẹ́yìnkùlé wọn ní ìlú Niitsu. Ó ń fi wáyà tẹ̀ ẹ́, ó ń gé e, ó ń bá a sọ̀rọ̀. Fusae ò rántí ìgbà tí ọkọ rẹ̀ bá òun sọ̀rọ̀ pẹ́ tó bẹ́ẹ̀.

Ní oṣù kẹwàá ọdún kan, wọ́n ránṣẹ́ láti erékùṣù Sado pé ìyá Fusae ń kú lọ. Ó sáré lọ bá ọkọ rẹ̀ lẹ́yìnkùlé pé kí àwọn tètè wọ ọkọ̀ ojú omi àárọ̀. Ìdí igi náà ni Tamejiro wà, ọwọ́ rẹ̀ kún fún amọ̀ dé ìgúnpá.

"Jẹ́ kí n parí èyí ná," ló wí.

Ọkọ̀ lọ. Nígbà tí wọ́n fi máa dé Sado lọ́jọ́ kejì, wọ́n ti fi aṣọ funfun bo ojú ìyá náà. Láti ọjọ́ yẹn, ohunkóhun tí Tamejiro bá ní kí Fusae ṣe, kò ní ṣe é. Bó bá ní òun fẹ́ ìrẹsì rírọ̀, líle ló máa bá nínú abọ́. Ọdún mọ́kàndínlógún ni wọ́n fi wà bẹ́ẹ̀.

Lórí ibùsùn ilé ìwòsàn, níṣojú Chizuru, ọmọ kan ṣoṣo tí wọ́n bí, Tamejiro na ìwé pélébé kan sí ìyàwó rẹ̀.

"Bá mi tọ́jú boke. Gbogbo bí wàá ṣe ṣe é ló wà níbẹ̀. Má yà kúrò níbẹ̀ o."

"Mo gbọ́," ni Fusae wí, torí pé ọmọ ń wò ó.

Igi náà kò ṣeé jù sínú iná. Chizuru ń bọ̀ láti Tokyo fún ìrántí ọdún kan, ohun àkọ́kọ́ tó sì máa béèrè ni igi bàbá rẹ̀. Yàtọ̀ sí ìyẹn, ikú kíá kò tẹ́ Fusae lọ́rùn. Ó fẹ́ kó kú díẹ̀díẹ̀ lójú òun. Ó ṣí ìwé náà.

"Nígbà ìrúwé, má já èso rẹ̀. Èso ló ń fún un lágbára."

Fusae já gbogbo èso wẹ́wẹ́ tó so. Ẹ̀gún gún un ní ìka mẹ́ta. Ó fi ẹnu fa ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, ó sì ń já a lọ.

"Nígbà ooru, ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ ni kí o bomi rin ín. Má gé ẹ̀ka tuntun."

Láàárọ̀, lọ́sàn-án, nírọ̀lẹ́, ó ń da omi lé e lórí. "Mu," ló ń wí. "Mu ún títí inú rẹ yóò fi bẹ́." Nígbà tí ẹ̀ka tuntun nà jáde, ó mú sísọ́ọ̀sì ilé ìdáná, ó gé gbogbo wọn ku ewé méjì méjì.

Ní oṣù kẹjọ, Ogata, tó kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Tamejiro, gbé bàrà olómi wá kí i.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Ìyá Chizuru. Ẹ wo ewé tó tutù yọ̀yọ̀! Ṣé ìwé tí ọ̀gá kọ sílẹ̀ lẹ̀ ń tẹ̀ lé?"

"Lẹ́tà kan ò bọ́ lọ́wọ́ mi."

"Áà. Àfi bíi pé ọ̀gá ṣì wà láyé."

Fusae gba bàrà lọ́wọ́ rẹ̀, ó pa ilẹ̀kùn dé mọ́ ọn lójú.

"Nígbà ìwọ́wé, má fọwọ́ kan gbòǹgbò rẹ̀. Dúró dìgbà ìrúwé kí o tó pààrọ̀ àwo."

Ó fà á tu. Ó gbọn iyẹ̀pẹ̀ àtijọ́ dànù, ó gé gbòǹgbò rẹ̀ dé ìdajì, ó sì tì í bọ inú iyẹ̀pẹ̀ mìíràn. Ó payín keke. "Ìyẹn ti Sado," ló wí.

"Nígbà òtútù, gbé e wọlé, sẹ́gbẹ̀ẹ́ iná."

Ìta ló fi í sí. Yìnyín bò ó mọ́lẹ̀. Fusae jókòó sínú ilé, ó ń bó ọsàn jẹ, ó ń wo òkìtì funfun náà láti ojú fèrèsé. Oúnjẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ wá ń lọ lọ́nà ọ̀fun rẹ̀.

Lọ́jọ́ ìrántí, ní ìparí oṣù kẹta, Chizuru àti Ogata jọ dé. Chizuru ṣílẹ̀kùn ẹ̀yìnkùlé, ó figbe ta. Fusae fajú ro, ó tẹ̀ lé e jáde.

Igi náà pupa láti orí dé ìdí. Kò sí àyè tí èèyàn lè fi ìka sí láàárín òdòdó. Chizuru ti kúnlẹ̀ tì í, ó ń sunkún.

"Màmá, ẹ tọ́jú ẹ̀! Èmi tí mo rò pé ẹ kórìíra ẹ̀."

"Ta ló tọ́jú ẹ̀?" ni Fusae jágbe. "Mo fẹ́ pa á ni! Odindi ọdún kan ni mo fi ń pa á!" Ó wọlé lọ fa ìwé náà yọ, ó jù ú lu àyà Ogata. "Ìwé ọ̀gá yín nìyẹn. Ohun tó ní kí n ṣe, mi ò ṣe ẹyọ kan. Ohun tó ní kí n má ṣe ni mo ṣe. Kò kú! Olórí kunkun, bí ẹni tó ni ín!"

Ogata mú awò ojú rẹ̀ wọ̀, ó ka ìwé náà láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ó sì tún padà sí ìbẹ̀rẹ̀.

"Ìyá Chizuru," ló wí, "ọ̀gá ló kọ́ mi ní boke, gbogbo ohun tó sì kọ́ mi pé yóò pa á ló kọ síbí pé kí ẹ ṣe, gbogbo ohun tó ní yóò dá a sí ló ní ẹ ò gbọ́dọ̀ ṣe."