Èyí Tó Ń Dúró Gbèsì

Láti ìgbà tí ikọ́ fée ti ń há èémí mọ́ káfíńtà àgbà náà láyà, yàrá ẹ̀yìn ilé ni ọmọ rẹ̀ fi í sí, ó sì fún un ní bọ́tìnì kan tí yóò máa tẹ̀ bó bá fẹ́ nǹkan. Agogo á dún nínú ilé iwájú. Bí ẹnikẹ́ni kò bá tètè yọjú, Bàbá á tún tẹ̀ ẹ́, á sì figbe ta. Ẹni tó ti fi gbogbo ayé pariwo borí ayùn, ta ló fẹ́ kọ́ ọ ní ohùn jẹ́jẹ́?

Lọ́jọ́ Sátidé kan, ọmọ náà gbé ẹ̀rọ tuntun méjì wọlé, ọ̀kan fún yàrá Bàbá, ọ̀kan fún ilé iwájú. Iṣẹ́ nẹ́tíwọọ̀kì kọ̀ǹpútà ló ń ṣe jẹun.

“Bàámi, ẹ wò ó. Yú-dí-pí la ń pe ọ̀nà tí tàtijọ́ ń gbà ránṣẹ́. Ó dà bí ẹni sọ òkò sínú igbó: ó bà ni o, kò bà ni o, kò kàn án. Tí-sí-pí lèyí. Ó ń kan ilẹ̀kùn, ó sì ń dúró gbèsì. Bí wọn ò bá dá a lóhùn, á tún kan án.”

“Báwo ni màá ṣe mọ̀ pé wọ́n ti dáhùn?”

“Iná aláwọ̀ ewé yìí á tàn. Bẹ́ ẹ bá ti rí i, iṣẹ́ yín ti dé nìyẹn. Ẹ má wulẹ̀ pariwo mọ́.”

“Tí-sí-pí! Ọmọlúàbí ni o!” Bàbá rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi dá a dúró.

Ó tẹ̀ ẹ́ láàárọ̀ fún omi. Iná tàn. Omi dé pẹ̀lú oúnjẹ ọ̀sán. Ó tẹ̀ ẹ́ nítorí bẹ́ẹ̀dì tó tutù. Ìyàwó ọmọ pààrọ̀ aṣọ bẹ́ẹ̀dì nígbà tó wá gbálẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Bàbá ní wọ́n gbọ́, ọwọ́ wọn ló dí. Ó sọ fún aránṣọ tó múlé tì wọ́n pé ẹni ọmọ sin ló bímọ, ṣùgbọ́n ọmọ tòun tiẹ̀ ń tọ́jú òun láàyè.

“Ilé wá dákẹ́ rọ́rọ́,” ni ìyàwó ọmọ wí. “Ọpẹ́ o.”

Ọ̀sán ọjọ́ kan, èémí Bàbá há gan-an. Oògùn tó máa ń fín sẹ́nu ti yí sábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ọwọ́ rẹ̀ kò tó o. Ó tẹ bọ́tìnì. Iná tàn. Ọkàn rẹ̀ balẹ̀ díẹ̀.

Aránṣọ ń kọjá lọ, ó yọjú lójú fèrèsé. “Bàbá, kí ló dé? Mo ń gbọ́ mímí yín láti ìta. Ṣé kí n wọlé?”

Bàbá nàka sí iná ewé. “Wọ́n ti gbọ́. Ọmọ mi ń bọ̀. Máa lọ, o ṣeun.”

“Ṣé ó dá yín lójú?”

“Ṣé… tí-sí-pí… ń purọ́ ni?”

Aránṣọ rẹ́rìn-ín, ó bá tirẹ̀ lọ. Bàbá kọjú sí ilẹ̀kùn. Nígbà tí ojú rẹ̀ ń ṣú, ó tún tẹ̀ ẹ́ lẹ́ẹ̀kan sí i, iná sì tàn kíá.

Nínú ilé iwájú, níbi tí ọmọ àti ìyàwó rẹ̀ ti ń wo bọ́ọ̀lù, ẹ̀rọ kejì tó ń fúnra rẹ̀ dá Bàbá lóhùn wà nínú dúrọ́ọ̀ tábìlì tí ọmọ náà tì í sí láti ọjọ́ Sátidé yẹn, kò sì so agogo kankan mọ́ ọn rí.