Bàbá Àgbà Inú Férémù

Ẹ bá mi yọ̀, mo ti rí ẹbí mi!

Orírun mi ni mò ń wá. Mo fi fóònù ya àwòrán bàbá àgbà tó wà lára ògiri pálọ̀ wa, mo gbé e sórí ayélujára: "Ta ló mọ ẹbí baba yìí?"

Kíá, èsì ń rọ́ wọlé.

"Bàbá àgbà tiwa náà nìyẹn! Ó wà ní pálọ̀ wa!"

"Tiwa náà! Fìlà kan náà!"

Háà! Àṣé baba yìí láya nílé, ó tún láya lóko!

A ti dá gúrúùpù sílẹ̀. Àwọn kan ti ń jà sí ipò dáódù.

Mo gbé fóònù tọ ìyá àgbà lọ. "Ẹ wo àwọn ọmọ ọkọ yín!"

Wọ́n bú sẹ́rìn-ín.

"Ọkọ mi ò ya fọ́tò rí títí tó fi lọ. Férémù ni mo rà lọ́jà, baba yẹn ló ti wà nínú ẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ojú ẹ̀ ló wù mí tí mi ò fi yọ ọ́."