Ìdérí Kẹsàn-án

Láàárọ̀ ọjọ́ tí àlejò ń bọ̀, Yermolai Savvich, ọ̀gá ọkọ̀ ogun Vseslav, rìn lọ sí iwájú ọkọ̀, ó bẹ̀rẹ̀, ó sì gbé àtẹ́lẹwọ́ lé ìdérí kẹsàn-án. Yìnyín ti bo àwọn ìdérí yòókù. Èyí gbẹ. Ó dìde, ó sì kìlọ̀ fún àwọn ẹ̀ṣọ́ méjì tó wà níbẹ̀ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ ṣí i, ìbáà ṣe ẹni tó bí wọn lọ́mọ.

"Tí Ádímírà bá ní ká ṣí i ńkọ́, ọ̀gá?" ọ̀kan nínú wọn bi í.

"Ṣé Ádímírà ló ń bá ẹ gbé inú òtútù yìí ni?"

Ẹ̀ṣọ́ náà rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n Yermolai kò rẹ́rìn-ín. Bí ìdérí yìí bá ṣí lójú àlejò, ó dá a lójú pé àwọn ọmọ abẹ́ òun kò ní yè dé ìgbà ìrúwé.

Vseslav kì í ṣe ọkọ̀ tí èèyàn ń fojú di. Ẹ̀rọ iná átọ́míìkì méjì ló wà níkùn rẹ̀. Ó lè yí ayé po láì yà síbì kankan láti bu epo. Níwájú rẹ̀ ni ogún ihò wà lábẹ́ ogún ìdérí irin, mísáìlì kọ̀ọ̀kan tó ń gbé inú wọn sì wúwo ju màlúù mẹ́wàá lọ. Bí wọ́n bá yìn wọ́n pọ̀, ọ̀kan á fò lọ sókè láti máa wo ọ̀nà fún àwọn tó ń rá bàbà lójú omi. Bí ọ̀tá bá já a, òmíràn á gorí àga rẹ̀. Tìtorí kó lè pa àwọn ọkọ̀ ọ̀tá tó ń gbé bàálù ogun ni wọ́n ṣe kọ́ ọ. Ìjọba tó kọ́ ọ ti wá túká. Ọkọ̀ tó lè yí ayé po kò kúrò létí omi Kola ní àríwá mọ́, Mọ́síkò, olú ìlú wọn, kì í sì í rántí rẹ̀ àfi bí wọ́n bá fẹ́ ṣe fáàrí.

Fáàrí náà ló gbé Ádímírà Strakhov, ọ̀gá àgbà ológun ojú omi, wá láti Mọ́síkò lọ́jọ́ náà. Ó mú Hollis dání, ádímírà ará òkè òkun tó ti fi ọjọ́ ayé rẹ̀ sá fún irú ọkọ̀ yìí lójú òkun, àti ọmọbìnrin ògbufọ̀ kan tí bàtà rẹ̀ kò mọ ohun tí à ń pè ní òtútù. Yermolai mú wọn yí ọkọ̀ ká. Hollis wo àwọn ẹ̀rọ, ó wo ìbọn, ó ń mi orí. Nígbà tí wọ́n dé iwájú ọkọ̀, ó ní òun fẹ́ wo inú ihò kan.

"Ẹ ṣí ìkẹsàn-án fún un," ni Strakhov wí. "Òfìfo ni. A ti gbé mísáìlì rẹ̀ lọ fún àtúnṣe, kò tíì padà. Àṣírí wo ló wà nínú ihò lásán?"

"Rárá, ọ̀gá," Yermolai dáhùn.

Strakhov rẹ́rìn-ín, ó rò pé àwàdà ni. Ìgbà náà ni ojú rẹ̀ bọ́ sára páìpù tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó wọ ẹ̀gbẹ́ ìdérí náà.

"Kí lèyí?"

"Ooru ni, láti ibi ẹ̀rọ."

"Ooru kẹ̀? Fún ihò òfìfo?"

 Hollis bi ògbufọ̀ léèrè ohun tí wọ́n ń sọ, ọmọbìnrin náà sì sọ ọ́ fún un bó ṣe rí. Hollis sún mọ́ páìpù náà.

"Yermolai Savvich, àṣẹ ni mo pa," ni Strakhov wí.

"Mo gbọ́, ọ̀gá. N ò ní ṣí i."

"Màá já àmì èjìká rẹ lójú àwọn ọmọ abẹ́ rẹ. Ṣé o gbọ́? Ìwọ ta ni?"

"Ẹ já a. Èjìká mi á fúyẹ́."

Yermolai gorí ìdérí náà, ó dúró. Ẹ̀rù ń bà á, ṣùgbọ́n kò wo ilẹ̀. Ọ̀kan nínú àwọn ẹ̀ṣọ́ wá dúró tì í, èkejì tẹ̀ lé e. Fadei, ọ̀gá àwọn tó ń se oúnjẹ, jáde tòun ti aṣọ ìdáná lára, ó kọjá níwájú Ádímírà láì kí i, ó sì gorí ìdérí náà. Àwọn atukọ̀ ń jáde bọ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀wù wọn ti tóbi jù wọ́n lọ. 

Hollis wò wọ́n títí, ó wá sọ nǹkan kan pẹ̀lú ohùn jẹ́jẹ́.

"Ó ní òun ò béèrè mọ́," ni ògbufọ̀ wí. "Ó ní ẹni tó bá ní irú èyí, kó máa ṣọ́ ọ ni."

Hollis kí wọn bí ológun ṣe ń kí ológun, ó sì kọrí sí etí omi. Strakhov fa Yermolai sẹ́yìn. Ojú Strakhov ti funfun.

"Ohun ìjà wo ni? Ta ló gbé e síbẹ̀? Ṣé àwọn tó jù mí lọ ni?"

"Ẹ má bi mí, ọ̀gá."

Strakhov bojú wẹ̀yìn. "Èmi ò bi yín ní nǹkan kan o. Kí ẹ sì má sọ pé mo bi yín." Ó tún àmì èjìká Yermolai tò, ó sì yára tẹ̀ lé àlejò rẹ̀.

Nígbà tí mọ́tò wọn yà kọjá òkè tí a kò rí wọn mọ́, Yermolai sọ̀ kalẹ̀, àwọn ẹ̀ṣọ́ gbé ìdérí kẹsàn-án sókè, Fadei sì na garawa sínú ihò olóoru tí yìnyín kò lè wọ̀, tí wọ́n ti fi pọ̀tétò àti kábéèjì kún dé ẹnu, èyí tí àwọn atukọ̀ fọwọ́ ara wọn wú ní oko àwọn ará abúlé láti ìgbà tí ọkọ̀ oúnjẹ kò ti wá láti Mọ́síkò mọ́, ó ní, "Ọ̀gá, mélòó ni kí n bù fún ilé àwọn tó lọ́mọ?"