Fìlà Ìgbàgbé

Bí a bá ti gbé aláìsàn sọ̀ kalẹ̀ nínú áńbúláǹsì, fìlà ló kàn. Òfin ni. A ó dé e, yóò pa ohun tó bà wá lọ́kàn jẹ́ rẹ́ lórí wa, a ó sì tún gbéra. Wọ́n ní ìlera ọpọlọ wa làwọn ń tọ́jú.

Láàárọ̀ yìí, ohùn mi há, mi ò sì mọ ohun tó fà á. Obìnrin kan dá mi dúró lẹ́nu géètì.

"Nọ́ọ̀sì, inú ọkọ̀ yín ni Àkànmú ọmọ mi dákẹ́ sí lánàá. Èmi ò sí nílé. Àwọn aládùúgbò tó jókòó níwájú ọkọ̀ ní ẹ ń pe orúkọ rẹ̀ kó má lọ, títí ohùn yín fi há. Ẹ jọ̀ọ́, kí ló sọ gbẹ̀yìn? Ṣé ó pè mí?"

Mi ò rántí ọmọ kankan.

Ìbínú ló gbé mi wọ ọ́fíìsì Ọ̀gbẹ́ni Láníhùn, ọ̀gá wa. Bó ṣe rí ojú mi báyìí, fìlà ló nà sí mi.

"Mi ò ní dé e! Ìsinmi ni mo ní kí ẹ fún mi, ẹ gbé fìlà lé mi lórí. Ẹ jẹ́ kó dùn mí! Bí ọmọ yẹn bá sọ̀rọ̀, èmi nìkan ló gbọ́ ọ, ẹ sì ti pa á rẹ́!"

Ó mí kanlẹ̀.

"Nọ́ọ̀sì Wúràọlá, ohun tí ẹ sọ fún mi lọ́sẹ̀ tó kọjá náà nìyí."