Búùṣì Ike

Ọ̀gá tó ń fi ẹ̀rọ gbẹ́ irin ní àdúgbò Agric ju ike funfun tí oníbàárà rẹ̀ gbé wá sórí tábìlì bí ẹni ju òkú eku.

"Nọ́ọ̀sì, ike! Nínú ẹ̀rọ tó ń bó ìrẹsì!"

Hàbíbàt, nọ́ọ̀sì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ẹ̀rọ náà sí Imota, fara balẹ̀. "Ẹ má bínú, sà. Búùṣì idẹ tí ọ̀pá ẹ̀rọ náà ń yí nínú rẹ̀ kò lè ṣe kó má mu gírísì, gírísì náà ló ń kán sínú ìrẹsì. Ike yìí ń yọ̀ fúnra rẹ̀, ẹ bá mi fi gbẹ́ búùṣì míì."

Ọ̀gá pòṣé. "Ilá náà ń yọ̀. Lọ fi ilá ṣe búùṣì!" Ó gbá ìdí ara rẹ̀. "Ṣebí ọsibítù yín ló fi irin tún ìgbáròkó mi ṣe lọ́dún tó kọjá. Àbí ike ló ń gbé mi rìn?"

"Orí egungun tuntun yẹn ni irin, sà. Ihò tó ti ń yí, ike la fi tẹ́ ẹ, kó lè máa yọ̀. Irú èyí."

Ọ̀gá gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún síwájú, ó dá a padà, ó tún gbé e, bí ẹni ń fetí sílẹ̀ bóyá nǹkan yóò dún.

Lẹ́yìn náà ló fi ọwọ́ méjèèjì gbé ike náà sẹ́nu ẹ̀rọ tó fi ń gbẹ́ irin.