Ẹni Tó Wá Tọ́ Bíà Dorcas Wò

Láàárọ̀ ọjọ́ tí olùtọ́wò ń bọ̀, Dorcas Heslop wọ aṣọ tó máa ń wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ó sì lé ajá jáde kúrò nínú ilé ọtí rẹ̀ ní Kelhope. Kò lọ́kọ, kò bímọ. Ẹ̀yìn ilé ọtí náà ló ti ń pọn bíà búráùn tí bàbá rẹ̀ pọn, tí bàbá bàbá rẹ̀ náà sì pọn fún àwọn awakùsà nígbà tí òjé ṣì wà lábẹ́ òkè. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ̀wé sí ilé-iṣẹ́ ọlọ́tí ńlá kan ní gúúsù pé kí wọ́n wá tọ́ ọ wò. Bó bá dùn mọ́ wọn, wọn yóò rà á, orúkọ Heslop yóò sì dé ìlú tí ẹsẹ̀ Dorcas ò lè dé láé.

Ọkùnrin náà fi ẹsẹ̀ rìn wá láti ibùdókọ̀. Clement Marrable lorúkọ rẹ̀. Bàtà pẹlẹbẹ ló wọ̀, ẹrẹ̀ sì ti bò ó.

"Ẹ wo bàtà," ni Tot Raine wí, darandaran tó ti fẹ̀yìn tì, tí kì í fi àga ẹ̀gbẹ́ iná sílẹ̀. "Ṣé ijó ló wá jó fún wa ni?"

"Tot, panu ẹ mọ́," ni Dorcas wí. "Ẹ káàbọ̀, ọ̀gá. Ẹ jókòó."

Clement wo òkè àjà bí ẹni ń wo egbò ara ẹlòmíì. "Ibí yìí náà ni?"

"Ibí yìí ni."

Ife kékeré ni wọ́n fi ń mu bíà búráùn ní Kelhope, wọ́n á sì máa bù ú lé díẹ̀díẹ̀ kí ìfófòó rẹ̀ má baà kú. Bẹ́ẹ̀ ni Dorcas ṣe dà á láti inú ìgò. Clement gbé ife náà sí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé. Ó pupa rúsúrúsú bí ara ẹṣin tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ̀. Ó ki imú bọ inú ife, imú náà sì pẹ́ níbẹ̀.

"Kì í jani lẹ́nu," ni Dorcas wí. "Ẹ máa kọ́kọ́ gbọ́ adùn èèpo búrẹ́dì, lẹ́yìn náà ẹ̀pà yíyan. Ó wá ní dídùn kan tó máa ń gbẹ̀yìn, kì í pẹ́ lọ."

Clement mu ún. Ó di ojú, ó sì là á.

"Ẹ̀pà?" ló wí. "Omi tí wọ́n fi fọ àpò ẹ̀pà ni. Ẹ bu òmíì wá, kí n má baà purọ́ mọ́ ọn."

Ó mu ìkejì dé ìsàlẹ̀.

"Nǹkan tí ẹ ní ò dára," ni Tot wí, "ó mà ń lọ o."

"Iṣẹ́ ni mò ń ṣe, bàbá."

"Wọ́n ní bíà dúdú àwọn ará Hexley dùn débi pé ó pa yín lẹ́kún. Àtìgbà tẹ́ ẹ ti rà á, a ò gbúròó wọn mọ́. Owó ti dé, wọn ò kí èèyàn mọ́."

Clement yíjú sí fèrèsé, níbi tí àwọn àgùntàn ti ń jẹko nínú kùrukùru. "Tiwọn dára," ló wí. "Tiyín yìí, àgùntàn ò ní mu ún. Ta ló máa pọn ọ́n lẹ́yìn yín, mà?"

"Thea, ọmọ àbúrò mi. Ó ti mọ̀ ọ́n pọn jù mí lọ."

"Ó ti yé e dáadáa?"

"Ó yé e."

Clement na ife sí i, Dorcas sì tún bù ú. Ó mu èyí náà tán, ó nu ẹnu, ó dìde.

"Ẹ gbọ́, mà. Ẹ má kọ̀wé sí wa mọ́. Ẹ má sì kọ sí ilé-iṣẹ́ ńlá kankan, ara yín lẹ máa dójú tì. Kí ẹ máa pọn ọ́n fún àwọn tí wọn ò mọ nǹkan tó dára, bí irú bàbá yìí."

Dorcas gbé ìgò tó wà lórí tábìlì, ó sì da ìyókù rẹ̀ sí Clement lára. Apá òsì ẹ̀wù rẹ̀ rin gbingbin.

"Jáde!" ló wí. "Bàbá mi kú sídìí ìkòkò tí a fi ń pọn bíà yìí, ìwọ wá ń fi àpò ẹ̀pà wé e. Ahọ́n ẹ ti kú, wọn ò tíì rí ẹni sin ín ni!"

Tot rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi gbé e. "Ẹ jẹ́ kó lọ la kùrukùru! Ìyẹn ló yẹ ẹnu ẹ̀."

Clement tẹríba díẹ̀, ó sì jáde. Dorcas jókòó, ó sunkún díẹ̀, ó wá dìde lọ pe Thea.

"Lọ rẹ báálì sómi," ló wí. "Títí màá fi kú la ó máa pọn ọ́n, ojú á sì ti aláìmoore yẹn."

Ní ibùdókọ̀ orí òkè, Clement pe ọ̀gá rẹ̀ lórí fóònù.

"Ó dùn?" ni ọ̀gá náà bi í.

"Rárá, sà. Kò sẹ́ni tó máa mu ún."

"Fi wọ́n sílẹ̀ nígbà náà," ni ọ̀gá náà wí, "èyí tó bá lè bá tiwa du ọjà nìkan là ń rà, ká lè tì í pa," Clement sì ní bẹ́ẹ̀ ni, sà, ó pa fóònù, ó ki apá ẹ̀wù rẹ̀ tó rin bọ ẹnu, ó sì ń fà á mu títí bọ́ọ̀sì fi dé.