Ata Rodo Tó Jẹun Jù

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ sún mọ́ mi, kí ẹ sì pa ẹ̀rín yín mọ́ títí n ó fi sọ̀rọ̀ tán, nítorí ọkùnrin tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí, a fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ẹ̀rín pa á. Àdúgbò wa ní Ìlá ni Alàgbà Oyèkànmí ń gbé. Ènìyàn dáadáa ni, kò sí ẹni tí kì í kí, ṣùgbọ́n kò ní sùúrù láti wo nǹkan kan lẹ́ẹ̀mejì. Tí ọmọ bá húkọ́, á ti se àgbo kó tó béèrè bóyá omi ló pá a lórí.

Lọ́jọ́ ìkórè ọdún kan, ẹnì kan fi í ṣe yẹ̀yẹ́ nínú ṣọ́ọ̀ṣì pé ọjà ló ti ra ata tó gbé wá. Inú bí Alàgbà. Ó dìde lójú gbogbo ìjọ, ó ní tó bá di ọdún tó ń bọ̀, òun yóò gbé ẹ̀kún agbọ̀n ata rodo wá láti ẹ̀yìnkùlé òun, láìfi ajílẹ̀ òyìnbó kankan sí i. Ìyàwó rẹ̀, Ìyá Morádéyọ̀, kàn fọwọ́ lẹ́rán ni.

Ó gbin ata náà lóòótọ́. Ó po ìgbẹ́ ewúrẹ́ tó ti jẹrà mọ́ ilẹ̀, ata sì dìde dáadáa. Ìyá Morádéyọ̀ mú díẹ̀ nínú irúgbìn tó ṣẹ́ kù, ó gbìn ín sí ẹ̀gbẹ́ ògiri ilé ìdáná, ó sì ń bomi rin ín jẹ́jẹ́. Nígbà tí òdòdó yọ, Alàgbà rí i pé àwọn ewé kan ti pọ́n bí ọ̀gẹ̀dẹ̀. Ó figbe ta.

"Ìyá Morádéyọ̀! Ebi ń pa ata yìí o!"

"Bàbá Morádéyọ̀, ẹ fara balẹ̀ wò ó ná. Ewé ìsàlẹ̀ nìkan ló pọ́n. Ó ti gbó ni, ó fẹ́ já bọ́. Ẹ wo ti òkè, kò sí nǹkan tó ṣe é."

"Ṣé o ò rí òdòdó ni? Ó ti lóyún nìyẹn! Nígbà tí o lóyún Morádéyọ̀, ṣé ẹ̀ẹ̀kan lò ń jẹun lóòjọ́?"

Ìyàwó rẹ̀ yíjú padà sílé. "Ẹ máa bọ́ ata yín, ẹ yé dárúkọ mi."

Ìyàwó rẹ̀ kò tíì wọlé tán tí Alàgbà fi lọ gbé ìgbẹ́ adìyẹ tútù wá, ó dà á sí ìdí ata, gbogbo wa sì bẹ̀rẹ̀ sí í ti fèrèsé. Ata náà ga, ewé rẹ̀ dúdú, ó fẹ̀, ṣùgbọ́n òdòdó ń rẹ̀ dànù. Alàgbà ní kò tíì yó ni. Ó da eérú sí i. Ó da omi tí wọ́n fi fọ ẹja sí i, ni gbogbo ológbò àdúgbò bá sọ ẹ̀yìnkùlé rẹ̀ di ibi ìpàdé, wọ́n ń fi èékánná tú ilẹ̀. Nígbà tí etí ewé wá jóná, ó ní oòrùn ni, ó tún lọ wá omi ògì. Mo bínú sí ọkùnrin yẹn, n ò ní purọ́ fún yín. Oúnjẹ tó pọ̀ jù ni ata náà fi ń ṣe ewé, kò ráyè so.

Ìkórè kù sí dẹ̀dẹ̀. Ata ẹ̀gbẹ́ ilé ìdáná ti pọ́n wẹ̀ẹ̀. Ìyá Morádéyọ̀ ní, "Ẹ mú tèmi lọ, ilé kan náà ni." Alàgbà kọ̀, ó ní ti ọwọ́ òun lòun ṣèlérí. Ló bá já ewé kún inú agbọ̀n, ó to ìwọ̀nba ata tó rí sókè, ó fi aṣọ funfun bò ó.

Ìkánjú kò jẹ́ kó rántí àṣà ìjọ wa. Tí a bá fẹ́ ta ohun ìkórè ní gbàǹjo, orí ẹní la máa ń dà á sí kí gbogbo ènìyàn lè rí i. Wọ́n pè é, ó jó bọ́ síwájú, wọ́n sì da agbọ̀n náà. Ata díẹ̀ yí lọ sábẹ́ àga. Ewé bo ẹní.

"Alàgbà," ni ẹni tó ń ṣe gbàǹjo wí, "ṣé ata nìyí ni àbí ẹ̀fọ́?"

Olùṣọ́ àgùntàn fi ìwé orin bojú, èjìká rẹ̀ ń gbọ̀n. Ìyá Ìjọ ló dìde, ó ní, "Ẹ tà á fún mi, àwọn ewúrẹ́ mi máa jẹ ẹ́." Ojú ti Alàgbà débi pé kò dúró jẹ ìrẹsì.

Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, Ìyá Ìjọ ru àpò ìgbẹ́ ewúrẹ́ kan wá láti fi dúpẹ́ ewé tí àwọn ewúrẹ́ rẹ̀ jẹ. Alàgbà wo àpò náà. Ó wo ẹ̀yìnkùlé, níbi tó ti gbin ata mìíràn. Ó lọ bẹ̀rẹ̀ nídìí rẹ̀, ó yẹ ewé ìsàlẹ̀ wò, ó yẹ ti òkè wò, ó fi ìka kan ilẹ̀. Lẹ́yìn náà ló dìde.

"Ẹ ṣeun gan-an ni, Ìyá Ìjọ," ó ní. "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbé e padà. Ata mi ti yó."

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ̀kọ́ tí mo fẹ́ kí ẹ mú lọ ni pé kí ẹ máa fara balẹ̀ wo ohun tó ń ṣe nǹkan kí ẹ tó máa tọ́jú rẹ̀, ìbáà jẹ́ ata, ìbáà jẹ́ ènìyàn. Tí ìlérí yín kò bá sì ṣeé mú ṣẹ, ẹ sọ bẹ́ẹ̀, ẹ má fi aṣọ funfun bo ewé. Ó yá, ẹ lè rẹ́rìn-ín báyìí.